Ọmọ Tó Pe Ìyá Rẹ̀ Ní Obìnrin

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé wa tó jáde kẹ́yìn á rántí ewì mi lórí ìgbéyàwó Kánà. Àwọn kan kí mi, àwọn kan tiẹ̀ há a sórí. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo fẹ́ dá ewì náà lẹ́jọ́ lónìí, torí irọ́ kan wà nínú rẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ pa á ni.

Ìtàn náà wà nínú Jòhánù orí kejì. Jésù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Jòhánù Onítẹ̀bọmi ti tọ́ka sí i, ó ti kó ọmọ-ẹ̀yìn díẹ̀ jọ, Lúùkù sì sọ pé ó ti tó ẹni nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n pè é síbi ìyàwó, ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ni ọtí bá tán. Ìyá lọ sọ fún ọmọ. Nínú Bíbélì Yorùbá, "obìnrin" ni ọmọ fi pe ìyá nígbà tó ń dá a lóhùn, bíi ẹni pé kí ló kan òun níbẹ̀. Nínú ewì tèmi, mo yọ "obìnrin" dànù, mo fi "Màámi, ẹ fara balẹ̀" rọ́pò rẹ̀. Ó dùn létí, ó bá ohùn ewì náà lọ. Mo rò pé mo ti ran Bíbélì lọ́wọ́ ni.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti bí ìyá mi, agboolé wọn kò jìnnà sí Ìgà Ìdúngànràn. Ìyá àgbà mi, Alhájà ni wọ́n. Ìdílé bàbá mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìdílé ìyá mi ń lọ mọ́ṣáláṣí. Bí ọ̀pọ̀ ilé l'Ékòó ṣe rí nìyẹn, ẹnikẹ́ni kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Mo mú ewì náà lọ kà fún wọn.

"Ewì kí ni?"

"Ti Jésù ni, Ìyá àgbà. Ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

"Ànábì Ísà. Ó dáa, kà á."

Ibi tí ọtí ti tán ló kọ́kọ́ mú wọn dìde jókòó. Ẹni tó bá ti rí i rí tí wọ́n di àdúgbò, tí wọ́n ta kánópì, tí aṣọ ẹbí kún ilẹ̀, tí nǹkan mímu wá tán kí àlejò tó tán, kò nílò àlàyé. Wọ́n ní ojú onínàwó ti wọlẹ̀ nìyẹn. Wọ́n béèrè pé kòkò mélòó ni Ànábì sọ di ọtí. Mo ní mẹ́fà, kòkò òkúta, ọ̀kọ̀ọ̀kan á tó nǹkan bíi lítà 80 sí 120. A jọ ṣe ìṣirò rẹ̀: bíi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mọ́kàndínlógún sí méjìdínlọ́gbọ̀n. Wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe ti agboolé kan, gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó lè mu ún. Ti pé ọtí ni ni kò bá wọn lára mu; wọ́n ní kí n kọ mínírà.

Nígbà tí mo ka "Màámi" dé etí wọn, wọ́n mi orí. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, pé nínú Súrà Màríámù, Ísà ọmọ ọwọ́ ti sọ ọ́ láti orí ìtẹ́ pé Ọlọ́run fi òun ṣe ẹni tó ń ṣe dáadáa sí ìyá òun. Ẹ̀rí ọkàn bá mi wí níbẹ̀. Mo jẹ́wọ́ pé kì í ṣe ohun tó wà nínú Bíbélì ni mo kà, mo wá sọ ọ̀rọ̀ náà gan-an fún wọn.

Wọ́n dákẹ́ títí. Mo rò pé inú ń bí wọn ni. Ohun tí wọ́n wá sọ rèé: "Ó ti ń lọ nìyẹn."

"Ta ló ń lọ, Ìyá àgbà?"

"Ọmọ náà ni. Bọ́mọ bá fi irú ẹnu yẹn dá ìyá ẹ̀ lóhùn, tí kì í ṣe aláìgbọràn, ó ti kúrò nílé nù-un. Ìyá ẹ̀ náà á ti mọ̀."

Gbogbo ohun tí mo ti kọ bọ́ lọ́wọ́ mi níjọ́ yẹn. Torí ẹ ka ìyókù ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà wò. Nínú Máàkù orí kẹta, àwọn ènìyàn rẹ̀ wá mú un, wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ìyá àti àwọn arákùnrin rẹ̀ dúró síta, wọ́n ránṣẹ́ pè é, kò jáde sí wọn. Nínú Lúùkù orí kẹrin, ó padà sí Násárẹ́tì tí wọ́n ti tọ́ ọ, wọ́n ní ṣebí ọmọ Jósẹ́fù nìyí, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi fẹ́ tì í lulẹ̀ láti orí òkè. (Ẹni tó bá dàgbà l'Ísàlẹ̀ Èkó mọ ẹnu yẹn dáadáa. Bó o bá di gómìnà, wọ́n á ní ṣebí ọmọ lágbájá aránṣọ ni.) Ọkùnrin tó ń já ara rẹ̀ gbà kúrò nílé ni gbogbo orí wọ̀nyẹn ń ròyìn, Kánà sì ni ibi tí okùn náà ti kọ́kọ́ dún. Èmi wá fi òróró pa á.

Kì í ṣe èmi nìkan. NIV ti 1984, Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì, fi ọ̀rọ̀ ìkẹ́ kan kún un kó má baà le jù; nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2011, wọ́n yọ ọ́. Àwọn tó gbọ́ Gíríìkì ní kò sí èébú nínú ọ̀rọ̀ náà, òun náà ni Jésù fi pe obìnrin ará Samáríà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n obìnrin ará Samáríà kọ́ ló bí i.

Ẹ sì rántí ẹni tó ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ yìí. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣoògùn. 1846 ló tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, l'Ábẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà ní 1848. Ọkùnrin yìí mọ bí "ìyá mi" ṣe ń rí lẹ́nu. Bí ẹnì kan bá wà tó ní ìdí láti rọ ọ̀rọ̀ náà lójú, òun ni. Bíbélì náà jáde lódindi ní 1884, "obìnrin" sì wà níbẹ̀. Èmi tí ìyá mi ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí lóṣooṣù ni mo lọ yọ ọ́.

Ibi tí mo ti máa bá Bíbélì wa jà ni "ìwọ". Ẹ wò ó, láti òkè ni mo ti ń ròyìn ìyá àgbà, "wọ́n ní" ni mò ń kọ, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n. Nínú Ìhìnrere Yorùbá, gbogbo ayé ló ń fi "ìwọ" bá Jésù sọ̀rọ̀: adẹ́tẹ̀, Farisí, Pétérù tó wo ìyá ìyàwó rẹ̀ sàn. Bí ènìyàn bá wo ìyá ìyàwó rẹ sàn l'Ẹ́bùté Ẹrò, kó tiẹ̀ jẹ́ àbúrò rẹ, o ò ní pè é ní "ìwọ" lọ́jọ́ náà. Mo mọ ìdí rẹ̀. Gíríìkì kò ní "ẹ" ọ̀wọ̀, iye ènìyàn ló ń kà, àwọn olùtumọ̀ sì tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò ti sí ọ̀wọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, "obìnrin" ò lè dunni mọ́. Bíi ká máa pariwo láàárín Ìdúmọ̀tà ni.

Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ní "ìwọ" ṣáà la fi ń gbàdúrà, pé ta ló ń kí Ọlọ́run ní "ẹ ṣeun"? Òótọ́ ni. Àmọ́ ta ló ti mọ̀ nígbà yẹn? Nínú Máàkù orí kìíní, ní sínágọ́gù Kápánáúmù, ẹ̀mí àìmọ́ ló kọ́kọ́ kígbe ẹni tó jẹ́. Àwọn ènìyàn kàn ń bi ara wọn pé kí nìyí. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń túmọ̀, ẹ̀mí yẹn nìkan ni màá jẹ́ kó sọ "ìwọ". Àwọn apẹja á máa sọ "ẹ", títí di ọjọ́ tí Pétérù á dá a mọ̀.

Mo ti ń tún ewì náà kọ. "Obìnrin" ti padà síbẹ̀. Pétérù ni ò tíì jẹ́ n sùn, torí ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà níbì kan, mi ò sì tíì rí ìlà tó máa gbà á. Ìyá àgbà ní kí n mú un wá bó bá parí, kí n ṣáà má gbàgbé mínírà. Ìyẹn ni mi ò ní ṣe.