Nígbà Tí "Ó Dára" Bá Di Ìdènà: Àyẹ̀wò Ìwé Norman Vincent Peale àti Ìwàásù Wa Lásìkò Ìnira

Ní sáà tó kọjá, a tẹ̀lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kan lọ sí Másífà, ní agbègbè Èjìgbò, láti gbọ́ ìwàásù ìdánwò wọn. Ìwàásù mẹ́ta ni a gbọ́. Àwọn oníwàásù náà kò bá ara wọn gbìmọ̀, síbẹ̀ Fílípì 4:13 ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gúnlẹ̀ sí, ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n sì fún ìjọ: ẹ má ro èrò òdì, ẹ má fi ẹnu yín sọ̀rọ̀ òdì, ẹ sọ pé ó dára, yóò sì dára. Ìjọ dáhùn "Àmín" tó mi òrùlé. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ wọn, ìwé kan náà ni méjì nínú wọn fà yọ láti inú báàgì: The Power of Positive Thinking, ti Norman Vincent Peale.

A kò bá wọn wí. Àwa náà ti ra ìwé yìí rí, a sì ti wàásù láti inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí a sì bi ara wa léèrè ohun tó ti ṣe sí ìwàásù wa. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, nǹkan ti le fún àwọn tí à ń wàásù fún. Ohun tí a bá sọ fún wọn lásìkò yìí, wọn yóò gbé e lọ sílé.

Ibi tí ìyìn yẹ

Peale (1898–1993) jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn ìjọ Marble Collegiate ní New York láti 1932 títí di 1984. Ní 1952 ni ìwé yìí jáde. Ó ti bá oníṣègùn ọpọlọ kan, Smiley Blanton, ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ran àwọn tí ìdààmú ọkàn ń bá jà lọ́wọ́. Nítorí náà, ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń múra dáadáa wá sí ilé Ọlọ́run ni kò rí oorun sùn lóru. Kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sọ pé ẹ̀mí èṣù ni gbogbo ìbẹ̀rù. Ó kọ́ wọn pé ìfọ̀kànbalẹ̀ jẹ́ ohun tí à ń fi kọ́ra lójoojúmọ́.

Ní orí kejì, ó ní ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́, kí ó tú ìbẹ̀rù, ìkórìíra àti àbámọ̀ jáde kúrò lọ́kàn, kí ó sì fi èrò rere rọ́pò wọn. Ní ilé ìjọsìn tiwa, níbi tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kì í ti í sinmi, ìmọ̀ràn pé kí ènìyàn dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í ṣe ohun kékeré. Ẹ jẹ́ kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọpẹ́.

Ẹsẹ tí a já kúrò lára lẹ́tà

Orí kìíní ìwé náà ń pe òǹkàwé láti gba ara rẹ̀ gbọ́. Ní ìparí rẹ̀, Peale ní kí ó máa sọ ọ̀rọ̀ Fílípì 4:13 lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́. Níbí ni àlébù àkọ́kọ́ wà.

Ẹ ka ẹsẹ 10 títí dé 18 pa pọ̀. Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù ti ń kọ̀wé. Kò sọ pé òun kò mọ ebi. Ó ní òun ti kọ́ bí a ti ń wà nínú ebi àti nínú àjẹyó. Ohun gbogbo tí ó lè ṣe nínú Kristi ni láti wà ní ipòkípò láìjẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀ lára Kristi. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e gan-an ló ń yin àwọn ará Fílípì pé wọ́n bá a pín nínú ìpọ́njú rẹ̀. Ó pè é ní ìpọ́njú, kò fi orúkọ mìíràn bò ó. Lẹ́yìn èyí ni ó wá dúpẹ́ fún ẹ̀bùn tí wọ́n fi rán Ẹpafíródítù sí i. Ẹsẹ tí à ń fi kọ́ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n gba ara wọn gbọ́, àárín lẹ́tà ìdúpẹ́ fún ìrànlọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ó wà.

Kò tán síbẹ̀. Ní 2:27, Pọ́ọ̀lù sọ pé Ẹpafíródítù ṣàìsàn dé ojú ikú, àti pé Ọlọ́run ṣàánú fún òun náà kí ìbànújẹ́ má bàa gorí ìbànújẹ́. Ní 3:18, ó ní omijé wà lójú òun bí òun ti ń sọ̀rọ̀. Lẹ́tà tí à ń pè ní lẹ́tà ayọ̀ nìyí! Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan bá kọ irú rẹ̀ lónìí, ó ṣeé ṣe kí a sọ fún un pé ìjẹ́wọ́ rẹ̀ kò dára.

Àdúrà tàbí àfọ̀ṣẹ?

Àlébù kejì kan ilẹ̀ wa ju ilẹ̀ Peale lọ. Ó sọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà pé bí ènìyàn bá ń fi ẹnu pe ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ìparọ́rọ́, pípè náà fúnra rẹ̀ yóò mú ọkàn rọ̀. Ó ní láti rọ àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n tó gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ní láti rọ Yorùbá. Àwọn baba wa mọ ọfọ̀, wọ́n sì mọ àfọ̀ṣẹ: ohun tí ẹnu bá ti wí, ó di dandan kó ṣẹ. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ìjẹ́wọ́ ẹnu tí Kenneth Hagin ń tàn kálẹ̀ wá dé bá wa, Hagin tó dá ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì sílẹ̀ ní Tulsa ní 1974, ilẹ̀ tútù ni ó bá. Kristẹni tó ti ju ìwo àfọ̀ṣẹ sínú iná lè tún gbé e padà lábẹ́ orúkọ mìíràn láìfura.

Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kò ṣòro. Àfọ̀ṣẹ kò nílò ju ẹnu lọ. Àdúrà ní Ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, Ẹni tó lè sọ pé ó dára, tó lè sọ pé ó di ọ̀la, tó sì lè sọ pé rárá, bí ó ti sọ fún Pọ́ọ̀lù nípa ẹ̀gún ara rẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn 1918 ń jà, tí àwọn ará ìjọ St Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ fún àdúrà, wọn kò sọ pé àrùn kò sí. Nítorí pé àrùn wà ni wọ́n ṣe kóra jọ. Láti inú irú ìkójọ bẹ́ẹ̀ ni ìjọ Aládùúrà ti rú jáde. Àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ gba Ọlọ́run gbọ́ láìpa irọ́ fún un.

Àwọn kan yóò tọ́ka sí Òwe 18:21, pé ikú àti ìyè ń bẹ nípá ahọ́n. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ahọ́n ta ni? Ahọ́n pásítọ̀ náà wà níbẹ̀.

Ohun tí ahọ́n wa ṣe

Ní Másífà àti gbogbo agbègbè Èjìgbò, ó ṣòro kí a tó rí agboolé tí kò ní ẹni ní Côte d'Ivoire. Ọkọ̀ ń gbéra láti Èjìgbò lọ sí Àbíjàn, wọ́n ń ná sẹ́fà lọ́jà, ẹni tó ń sọ Faransé kì í sì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu. Nítorí náà, bí Àbíjàn bá gbóná, Másífà kò ní sùn. Àwọn àgbà ti rí irú rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n rí i ní Côte d'Ivoire nígbà tí ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 2002. Wọ́n tún rí i lẹ́yìn ìdìbò ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá 2010, nígbà tí Laurent Gbagbo kọ̀ láti gbé ìjọba sílẹ̀. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ló kú kí wọ́n tó mú un ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 2011.

A jẹ́ ọ̀dọ́ pásítọ̀ ní agbègbè náà nígbà yẹn. Ìyá kan nínú ìjọ ní ọmọkùnrin méjì ní Àbíjàn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí fóònù wọn kò lọ. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì lálẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Pásítọ̀ wa, ẹ̀rù ń bà mí. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé—"

A kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀. A ní, "Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ẹnu yín sọ ọ́. Ẹ sọ pé ó dára." Ó wò wá díẹ̀, ó ní, "Ó dára." Inú wa dùn sí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti kí i, "Ó dára" ni ìdáhùn rẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún, ẹ̀gbọ́n dé sílé nìkan. A sáré lọ kí ìyá náà. Níbẹ̀ ni a ti gbọ́ pé ó ti lé ní oṣù kan tí ó ti mọ̀ pé àbúrò ti kú. Ó ti ń wá sí ilé ìsìn, ó ti ń pàtẹ́wọ́, ó ti ń sọ pé ó dára. A bi í pé, "Màmá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?" Kò bínú. Ó kàn ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n má fi ẹnu mi sọ ọ́."

A ti ka ọ̀pọ̀ ìwé láti ìgbà náà, kò sí èyí tó ṣe àríwísí iṣẹ́ wa tó gbólóhùn yẹn. Ìwàásù wa kò mú ìbànújẹ́ kúrò lọ́kàn ìyá náà. Ó kàn mú àwa kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni.

Òótọ́ ló ṣáájú

Kí ni kí a wá ṣe? Kí a máa kọ́ àwọn ènìyàn láti máa ṣọ̀fọ̀ títí ayé? Rárá o. Fílípì orí kẹrin kan náà ní ọ̀nà tó dára ju ti Peale lọ. Ní ẹsẹ 8, Pọ́ọ̀lù ka ohun mẹ́jọ tó yẹ kí a máa rò. Ohun tó jẹ́ òótọ́ ni ó fi ṣáájú, kí ó tó kan ohun tó dára ní fífẹ́ àti ohun tó ní ìròyìn rere. Èrò tó dùn tí kì í ṣe òótọ́ kò sí nínú ìwé náà. Bákan náà ni ètò ẹsẹ 6 àti 7: à ń sọ ọ̀ràn wa di mímọ̀ fún Ọlọ́run ná, pẹ̀lú ìdúpẹ́, lẹ́yìn náà ni àlàáfíà rẹ̀ ń ṣọ́ ọkàn wa. Peale ní kí a tú ìbẹ̀rù dànù. Pọ́ọ̀lù ní kí a kó o lọ síwájú Ọlọ́run. Ohun tí a dà nù lè tún padà wọlé. Ohun tí a fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́ ti ní ẹni tó ń mójú tó o.

Ẹ wo Èlíjà lábẹ́ igi ní aginjù, nínú 1 Ọba 19. Ó ní kí òun kú. Kò sí ìjẹ́wọ́ òdì tó ju ìyẹn lọ. Áńgẹ́lì kò bá a wí. Ó jẹ́ kí ó sùn, ó fún un ní àkàrà àti omi, ó tún jẹ́ kí ó sùn. Lẹ́yìn ìrìn ogójì ọjọ́ ni Ọlọ́run bi í léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó ro ẹjọ́ rẹ̀ dé òpin, lẹ́ẹ̀mejì. Jésù fúnra rẹ̀, ìwé Hébérù 5:7 ní ó gbàdúrà pẹ̀lú ẹkún kíkan àti omijé, a sì gbọ́ tirẹ̀.

Ní ayé òde òní, àwọn oníṣègùn náà ń kọ́ni ní ìfarabalẹ̀. Ní 1979, Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní Yunifásítì Massachusetts, ó sì mú un láti inú àṣà àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. A kò ní kí ẹ lọ kọ́ ẹ̀sìn Búdà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó tì wá lójú pé níbẹ̀, wọ́n gba aláìsàn láyè láti mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, nígbà tí àwa tí a ní Sáàmù 13, Sáàmù 42 àti Sáàmù 88 ń sọ fún un pé kí ó pa á mọ́.

Àlàáfíà tí Pọ́ọ̀lù sọ náà kì í ṣe ti inú orí nìkan. Nínú èdè wa, bí a bá bèèrè pé "Ṣé àlàáfíà ni?", ara là ń bèèrè, ọmọ là ń bèèrè, oko àti ọjà là ń bèèrè. Ẹni tí a kí yóò kọ́kọ́ dáhùn pé "A dúpẹ́." Ọmọlúàbí ni. Ẹni tó bá ní sùúrù, tó jókòó, tó mu omi, tó tún bèèrè lẹ́ẹ̀kejì, òun ni yóò gbọ́ pé, "Kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn o." Ọ̀pọ̀ wa pásítọ̀ ti dìde lọ kí ìdáhùn kejì tó jáde. Bí a bá sì gbọ́ ọ, a gbọ́dọ̀ rántí Ẹpafíródítù: ẹni tó mú ẹ̀bùn dání wá. Lásìkò tí gààrì wọ́n yìí, kóńgò kan lè wàásù ju wa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ óò gba àṣẹ iṣẹ́ láìpẹ́, ẹ máa ka Peale bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ka Fílípì tán pátá ṣáájú rẹ̀. Ẹ wàásù ìrètí, nítorí Kristi jíǹde ní tòótọ́. Ẹ kọ́ ìjọ láti dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi Sáàmù ẹkún kan sínú ètò ìsìn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹni tí ń sunkún lè mọ̀ pé ilé Ọlọ́run gba òun. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Wọn kò sọ pé kí a má sunkún. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dúró dè yín lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, tó ní ẹ̀rù ń ba òun, ẹ jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbàdúrà.