Fèrè Bobby Benson

Ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò, bí a bá lu àwo Bobby Benson nílé ìnáwó, àwọn àgbà a máa dìde jó, bẹ́ẹ̀ ni láti ọdún 1983 ni ọkùnrin náà ti kú. Àwọn kan wí pé ìrántí ìgbà èwe ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Benson ti òkè òkun dé ní 1947, swing àti jáàsì Amẹ́ríkà ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fọn. Ó dùn, ṣùgbọ́n aṣọ àyálò ni. Lẹ́yìn tí E. T. Mensah ti Gold Coast mú ẹgbẹ́ Tempos wá sí Èkó ní ìwọ̀n 1950, ni Benson yí sí háíláìfù. Nígbà náà ni fèrè idẹ kọ́ èdè wa: ọ̀kan lé e, ìyókù gbè é. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń pè é ní ariwo ilé ọtí, ẹ tún etí sí i.

Victor Olaiya, tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Benson rí, tún *Baby Jowo* ṣe pẹ̀lú 2Face ní 2013, nígbà tí ó ti lé ní 80 ọdún. Ohùn ọ̀dọ́ náà tẹ́ wa lọ́rùn. Ṣùgbọ́n fèrè ni a ń dúró dè.