Ère Kéékèèké: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Dúró Ti Ta?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Faransé àti ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbàlagbà wà tí wọ́n ń fi ọmọ ogun kéékèèké ṣeré lórí tábìlì. Wọn a ra ère tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, wọn a kùn ún ní ọ̀dà, wọn a tò ó ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́ bí ẹni pé ogun fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Eré náà ti pẹ́. Ní 1893 ni ilé-iṣẹ́ William Britain ní London bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọmọ ogun olójé tí inú rẹ̀ ṣófo. Ní 1913 ni H. G. Wells, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, tẹ ìwé òfin eré náà jáde, tí ó pè ní Little Wars. Àríyànjiyàn tí kì í tán láàrin àwọn eléré yìí ni ti ìdàpọ̀: ǹjẹ́ ère tí ilé-iṣẹ́ kan ṣe lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn? Wọ́n lè kọ mìlímítà 28 sára páálí méjèèjì, síbẹ̀ kí orí ọ̀kan tóbi ju ti èkejì lọ, kí ìbọn ọ̀kan sì rí bí igi ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹnìkejì rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí gbogbo ẹni tó wà lórí tábìlì jọ jẹ́ ará ayé kan náà.

Ìbéèrè yìí kan àwa náà. Yorùbá ní ère kéékèèké tirẹ̀, àwọn tí ń kó wọn jọ sì ti ń tò wọ́n, wọ́n sì ń yà wọ́n nípa, láti ìgbà pípẹ́. Èrò wa ni pé bí a bá ṣe to ère ni ó máa ń pinnu ohun tí a ó rò nípa ẹni tó gbẹ́ ẹ, àti pé ìtò tí kò tọ́ ti mú kí a gbọ́ iṣẹ́ agbẹ́gilére kan ní àgbọ́yé òdì. Agbẹ́gilére náà ni Thomas Ọnà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni. Èkó ni ó ti ṣe iṣẹ́ tí ayé fi mọ̀ ọ́n, ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún. Ère tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé ni ó ń gbẹ́, àwọ̀ igi a sì máa hàn lára wọn. Àwọ̀ mẹ́ta péré ni ó ń lò lé e: dúdú, pupa àti funfun. Tàdáwà ni dúdú àti pupa rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń kun bàtà sì ni funfun rẹ̀. Ó gbẹ́ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, ó gbẹ́ adájọ́ àti lọ́yà, ó gbẹ́ oníwàásù, ṣọ́jà, ọlọ́pàá, àti Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀. Ó sì gbẹ́ ọba Yorùbá pẹ̀lú adé àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀.

Àwọn òyìnbó tó wà ní Èkó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ra iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ padà sílé, wọn a mú ère tó jọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níhìn-ín dání: ajẹ́lẹ̀ a mú ajẹ́lẹ̀, adájọ́ a mú adájọ́. Wọn a gbé e sórí pẹpẹ, wọn a sì rẹ́rìn-ín. Orí rẹ̀ tóbi, ojú rẹ̀ yọ, àkẹtẹ̀ rẹ̀ bo gbogbo iwájú orí. Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe tàn kálẹ̀ pé ọkùnrin yìí ń fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́, títí ó fi di ohun tí àwọn olùkọ́ ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé. William Bascom, onímọ̀ nípa àṣà ènìyàn, ará Amẹ́ríkà, tó bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú, kọ nípa rẹ̀ ní 1957 pé agbẹ́gilére náà kò gbà bẹ́ẹ̀: bí ó ṣe rí ayé ni ó ṣe gbẹ́ ẹ, ti òyìnbó àti ti Yorùbá.

A kò ní gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ nítorí pé ẹnu rẹ̀ ni ó fi sọ ọ́ nìkan. Ẹ jẹ́ kí a wo ère fúnra rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbẹ́, ajẹ́lẹ̀ tóbi, àwọn tí ń tukọ̀ sì kéré. Ẹni tó bá rí ọkọ̀ yẹn nìkan lè sọ pé a ń bú ajẹ́lẹ̀ náà fún ìgbéraga rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọba Yorùbá tó ti ọwọ́ kan náà jáde wá sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà. Ọba tóbi, àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ kéré. Òfin kan ṣoṣo ni ó ń darí méjèèjì: ẹni tí ipò rẹ̀ ga ni igi rẹ̀ ń ga. Orí ńlá náà kò yàtọ̀, nítorí pé orí ni àwọn agbẹ́gilére wa ń fún ní ìpín tó ju ti ara lọ, àti nínú ère ìbejì àti nínú ère òrìṣà. Bí a bá fi rúlà àwọn eléré ogun wọn Thomas Ọnà, a ó ní kò mọ ìwọ̀n. Bí a bá fi ipò wọ̀n ọ́n, ìwọ̀n rẹ̀ pé. Ìka kò dọ́gba, ó sì mọ̀.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa ará Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ènìyàn, ti kọ́ wa. Lórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ejò lè nípọn ju ọkùnrin tó ń bá a jà lọ. Ẹyẹ lè bà lé ibi tí ṣọ́jà dúró sí. Ẹni tó gun alùpùpù lè wà lókè ojú obìnrin tó tutù pẹ̀sẹ̀. Kò sí ará abúlé kan tó máa ń béèrè bóyá wọ́n jọ bá ara wọn mu. Bí ẹ̀gàn bá sì wà, a mọ ibi tó ń gbé: ẹnu Ẹ̀fẹ̀ ni, lóru, níbi tí orin yóò ti sọ ohun tí oníṣẹ́kíṣẹ́ ṣe láì fi bò. Títóbi orí nìkan kò sọ ère di èébú. Ẹni tó mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò yẹ kó ṣi ọ̀kan pè ní èkejì.

A kò sọ pé Thomas Ọnà kò ní àléébù. Ojú lọ́yà àti ojú ṣọ́jà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Aṣọ àti ohun tó wà lọ́wọ́ ni a fi ń dá wọn mọ̀. Oyè ni ó gbẹ́, kò gbẹ́ ènìyàn. Ó tún àwọn àwòrán kan gbẹ́ léraléra nítorí pé àlejò ń rà wọ́n, èyí sì mú kí ère kan máa jọ àtúnṣe òmíràn. Ẹ̀rín díẹ̀ pàápàá lè wà nínú bí adájọ́ rẹ̀ ṣe le gbagidi, ṣùgbọ́n ọba náà le bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè wá sọ pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a da gbogbo ère pọ̀. Rárá o. Ìdàpọ̀ mìíràn irọ́ ni. Ẹ wo ère ìbejì. Méjì tí a gbẹ́ fún ìyá kan, tí ó wẹ̀ wọ́n, tí ó bọ́ wọn, tí ó fi osùn kùn wọ́n, ọwọ́ kan náà ni ó ti pa wọ́n lára dán. Nígbà tí wọ́n dé ọjà, a tà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn àkójọ kan lónìí, a ń rí méjì tí ilà ojú wọn yàtọ̀, tí ọ̀kan ti yọ̀ tán tí èkejì ṣì mú, tí wọ́n fi dúró bí ọmọ ìyá. Gíga wọn dọ́gba. Ó tẹ́ olówó lọ́rùn. Ẹnikẹ́ni kò bí wọn pọ̀. Níhìn-ín, ẹni tó dà wọ́n pọ̀ ti parọ́ mọ́ ìyá méjì.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè nípa ère ni ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é tàbí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ti Thomas Ọnà, ọba àti ajẹ́lẹ̀ ni. Ti ìbejì, èkejì rẹ̀ gan-an ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, bí wọ́n bá fi àwòrán ajẹ́lẹ̀ yẹn hàn yín, ẹ béèrè fún àwòrán ọba kí ẹ tó kọ ìdáhùn yín. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ère ṣì wà nílé yín, ẹ bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí ẹ ṣì rí wọn: ta ni ó gbẹ́ ẹ, kí ni ó sì dúró tì? Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, ẹ fi orúkọ ìlú àti ọdún sí i. Oníṣòwò ère lè wá lọ́la. Bí ó bá ra ọ̀kan nínú méjì, kò sí ohun tí yóò sọ fún ayé mọ́ pé méjì ni wọ́n, àfi ìwé yẹn.