Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ “Wèrè Ìran”

Kí ìdána tó wáyé ní Ganmo, alárinà a máa wádìí ìdílé. Bí wèrè bá ti ṣe ẹnìkan níbẹ̀ rí, “wèrè ìran” ni wọn yóò pè é. Ìlò yìí gbòòrò jù, nítorí Yorùbá ya wèrè ìran sọ́tọ̀ kúrò lára wèrè àmútọ̀runwá. Raymond Prince kọ ìyàtọ̀ náà sílẹ̀ lọ́dún 1964. Ìran lọ́wọ́ nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ìwádìí ọdún 2022 rí ibi 287 nínú àbùdá tó kan schizophrenia, ṣùgbọ́n ipa ọ̀kọ̀ọ̀kan kéré púpọ̀. Kódà, bí ó bá ṣe ọ̀kan nínú ìbejì tó ti inú ẹyin kan wá, èkejì sábà máa ń bọ́. Àwọn tó ṣẹ̀ láti Yúróòpù ló sì pọ̀ jù nínú ìwádìí náà. Kò tó ohun tí a ó torí rẹ̀ tú àdéhùn ìgbéyàwó ká ní Ganmo.