Ọkọ̀ Ogun Tó Ń Fèsì: Ìṣọ̀nà àti Àṣẹ Nínú Ìtàn Aláwòrán Masamune Shirow

Ìfáárà

Iṣẹ́ méjì ló wà lọ́rùn ẹni tó bá fẹ́ ya ọkọ̀ ogun sínú ìtàn aláwòrán onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àkọ́kọ́ ni pé kí òǹkàwé gbà pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́. Èkejì ni pé kí ọkọ̀ náà fi irú ìlú tó rọ ọ́ hàn. Ìdẹ́rùbani nìkan ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń gbára lé. Nígbà tí Jack Kirby ya Helicarrier sínú Strange Tales ẹ̀dà 135 lọ́dún 1965, ńṣe ló gbé odindi ọkọ̀ òkun tí bàálù ogun ń balẹ̀ sí lọ sí òfuurufú. Òǹkàwé kì í bèèrè ohun tó gbé e ró lókè. Títóbi rẹ̀ ti pa ìbéèrè mọ́ ọn lẹ́nu.

Masamune Shirow, ayàwòrán ọmọ Jàpáànù tí wọ́n bí ní Kobe lọ́dún 1961, gba ọ̀nà mìíràn. Nínú Dominion (1985–1986), Appleseed (1985–1989) àti The Ghost in the Shell, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́dún 1989, ìlò ló ń ṣáájú ẹwà. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ibi tí agbára Shirow wà gan-an ni àléébù rẹ̀ wà: ìṣọ̀nà tó mú kí ọkọ̀ ogun ṣe é gbàgbọ́ náà ló mú kí òǹkàwé fẹ́ràn ohun tó yẹ kí ó máa kọminú sí.

Bonaparte: táǹkì kékeré, ìlú ńlá

Ní Newport, ìlú inú Dominion, afẹ́fẹ́ ti bàjẹ́ débi pé ará ìlú kò lè jáde láìlo ìbòmú. Táǹkì ogun ni àwọn ọlọ́pàá fi ń lé ọ̀daràn kiri ìgboro. Bonaparte, táǹkì tí ọlọ́pàábìnrin Leona Ozaki fẹ́ràn bí ẹni fẹ́ràn ènìyàn, kúrú, ó sì rí roboto bí ahun. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ kò fara sin: táǹkì gígùn kò ní í ráàyè yí padà láàárín ilé sí ilé, nítorí náà ìlú ló pinnu bí ọkọ̀ ṣe máa tó.

Síbẹ̀, bí ó ṣe rí roboto yẹn náà ló ń pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín. Ilé tí àwọn ọlọ́pàá wọ̀nyí ń wó kò kéré sí èyí tí ọ̀daràn ń bà jẹ́, àwọn aláṣẹ ìlú sì ń ráhùn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Shirow mọ àwàdà yìí dunjú, ó sì fi ń bu ẹnu àtẹ́ lu ọlọ́pàá tó sọ ara rẹ̀ di ọmọ ogun. Ṣùgbọ́n ká ní ó ya ọkọ̀ náà bí táǹkì ojú ogun gidi, tó gùn, tó wúwo, tó ń fọ́ ọ̀dà ojú títì, ẹ̀rín ì bá gbẹ lẹ́nu òǹkàwé. Ìdí tí ọlọ́pàá fi nílò táǹkì jẹ́ ìbéèrè tó sá pamọ́ sábẹ́ ẹ̀fẹ̀ náà.

Apá ọ̀gá, apá ẹrú

Landmate inú Appleseed jẹ́ ìhámọ́ra ńlá tí ẹ̀rọ ń gbé rìn, tí ènìyàn ń wọ inú rẹ̀. Ara ẹni tó ń darí rẹ̀ wà nínú àyà ẹ̀rọ náà. Apá rẹ̀ yọ síta nínú apá irin kékeré, apá irin ńlá méjì mìíràn sì ń ṣe gbogbo ohun tí apá kékeré bá ṣe. Ìṣòro gidi ni apá mẹ́rin yìí ń yanjú: bí ènìyàn bá ki apá bọ inú apá ẹ̀rọ tó gùn ju tirẹ̀ lọ, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kò ní í ṣe déédéé pẹ̀lú ti ẹ̀rọ.

Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ ló yẹ ká dúró lé lórí: apá ọ̀gá àti apá ẹrú. Shirow kọ́ ló dá a sílẹ̀. Àwọn ẹnjiníà ti ń lò ó tipẹ́ fún ẹ̀rọ méjì tí ọ̀kan ń darí èkejì. Létí ẹni tí wọ́n kó baba ńlá rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Bahia tàbí Havana, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lásán. Òǹtumọ̀ lè pè wọ́n ní "apá atọ́nà" àti "apá atẹ̀lé", kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ìtumọ̀ yẹn mọ́, ṣùgbọ́n ó bo ohun tí àwòrán ń wí mọ́lẹ̀: ìránṣẹ́ tí kò ní èrò tirẹ̀, tí kì í bèèrè ìdí, ni agbára máa ń fẹ́. Ẹrú gidi kò rí bẹ́ẹ̀ rí. Bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Ọ̀tẹ̀ Malê tó wáyé ní Salvador lọ́dún 1835, tí Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó jà á, ti jẹ́rìí sí i.

Fuchikoma: ẹni ni, àbí ohun?

Inú The Ghost in the Shell, tí ìtàn rẹ̀ wáyé lọ́dún 2029, ni ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì. Fuchikoma, ọkọ̀ ìjà àwọn agbófinró Ẹ̀ka Kẹsàn-án, rí bí aláǹtakùn: ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ní táyà, okùn wáyà tó fi ń rọ̀ mọ́ ara ilé gíga, àti àyè ẹnì kan péré lẹ́yìn. Ó lè gbé ènìyàn, ó sì lè dá lọ. Kò sí ẹ̀yà ara rẹ̀ tí kò níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọdé, ó ń ṣàwàdà. Níbì kan, àwọn Fuchikoma jọ ń jíròrò bóyá kí wọ́n ṣọ̀tẹ̀ sí ènìyàn.

Èdè Yorùbá gbé ìbéèrè kan síwájú òǹtumọ̀ níbí. "Ó" kò ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ, nítorí náà òǹtumọ̀ lè rìn jìnnà láìpinnu. Bí ó bá dé "ẹni tó yìnbọn" tàbí "ohun tó yìnbọn", "ta ni" tàbí "kí ni", kò sí ibi tí yóò sá sí mọ́. Bákan náà ni ti ọ̀wọ̀: Fuchikoma kò lè pe Kusanagi tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní "ìwọ" kí ó má dà bí aláìlẹ́kọ̀ọ́. "Ẹ̀yin" ni yóò lò, Kusanagi yóò sì fi "ìwọ" dá a lóhùn, bí àgbà ṣe ń bá ọmọ ilé sọ̀rọ̀. Kí òǹkàwé tó fura, ìlànà ọ̀wọ̀ ti sọ ọkọ̀ ogun di ọmọ ilé.

Mamoru Oshii yọ àwọn Fuchikoma kúrò nínú fíìmù tó ṣe lọ́dún 1995. Táǹkì ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ kan tí kì í sọ̀rọ̀ ló dojú kọ Kusanagi nínú gbọ̀ngàn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àtijọ́ kan; apá tirẹ̀ ló já níbi tó ti ń fa ìdérí ọkọ̀ náà. Ẹ̀rọ adákẹ́ yìí bani lẹ́rù, ó sì ṣòótọ́ nípa ohun tí táǹkì wà fún. Ti Shirow jinlẹ̀ jù ú lọ, nítorí ó bèèrè bóyá ohun tí a ń pàṣẹ fún lè kọ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó jẹ́ kí ìbéèrè náà parí sí ẹ̀fẹ̀. Etí ojú ìwé rẹ̀ kún fún àlàyé nípa ẹ̀rọ àti ohun ìjà. Ìbéèrè ta ni yóò jẹ́jọ́ ọta tí Fuchikoma bá yìn kò rí àyè tó bẹ́ẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Shirow fi hàn pé oríkèé kọ̀ọ̀kan lára ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní ìdí. Ẹ̀kọ́ náà ṣì wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ya ọkọ̀ ogun fún ìtàn tuntun, ní èdèkédè. Ohun tó kù ni pé kí ayàwòrán fi irú akitiyan kan náà ya ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà dé inú ọkọ̀: ta ló ń pa á, ta ló lè dá a dúró, ta ni ìbọn kọjú sí. Òǹtumọ̀ Yorùbá ní tirẹ̀ ní láti mú "ẹni" tàbí "ohun" kí ó tó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ tí Fuchikoma sọ, nítorí ìpinnu yẹn ni yóò sọ fún òǹkàwé bóyá ọmọ ilé ló ń bá ṣeré tàbí ìbọn.