ÈRÈ ORÍ ÒKÚ: ǸJẸ́ Ó TỌ́ KÍ A MÁA FI ÀJÁLÙ ÌLÚ ṢE ỌJÀ?

 

 Ọ̀rọ̀ ọjà ni mo mú wá lọ́dún yìí. Mo mọ̀ pé Ìjẹ̀bú ni wá, a kì í sì í kọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ní ọjà títà. Ṣùgbọ́n irú ọjà kan wà tí mo ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́ tí ọkàn mi kò gbà á tán: ọjà tí wọ́n tẹ ojú òkú sí, tí wọ́n ń gbé jáde nígbà tí ìlú bá ń ṣọ̀fọ̀, tí wọ́n sì tún ń gbé jáde nígbà tí ọ̀fọ̀ náà bá pé ọdún.

Ẹ wo oṣù Kẹfà ọdọọdún. Kí June 12 tó dé, pólò ti jáde, fìlà ti jáde, sítíkà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀ ti jáde. Àwòrán Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ni ó máa ń wà níwájú; nígbà mìíràn wọn a fi ti ìyàwó rẹ̀, Àlhájà Kudirat, sí ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí n rán àwọn ọmọdé létí. Ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 1993 ni a dìbò. Ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà ni ìjọba ológun ti Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fagi lé e. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1994, lẹ́yìn tí Abíọ́lá dúró ní Ẹpẹtẹ̀dó ní Èkó tí ó kéde pé òun ni ààrẹ, ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha tì í mọ́lé. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, ọdún 1996, wọ́n yìnbọn pa Kudirat nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Èkó. Ní ọjọ́ 7, oṣù Keje, ọdún 1998, Abíọ́lá fúnra rẹ̀ kú sí àtìmọ́lé ní Àbújá. Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 2018, kí Ààrẹ Muhammadu Buhari tó sọ June 12 di Ọjọ́ Ìjọba Àwaarawa. Ti Kudirat tilẹ̀ kàn wá níhìn-ín ju bí ó ti kan ẹlòmíràn lọ, nítorí Muslim Girls' High School ti Ìjẹ̀bú-Òde wa yìí ni ó ti kàwé. Bí mo bá rí ojú rẹ̀ lára pólò, kì í ṣe ojú àlejò ni mo rí.

Àwọn kan wà láàrin wa tí ẹnu wọn máa ń yá: "Hàráámù ni! Owó òkú ni!" Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Nínú Súrà Bákárà, áyà 275, Ọlọ́run ya òwò sọ́tọ̀ kúrò lára èlé, Ó sì ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ fún wa. Ẹni tí ó ń ta aṣọ funfun tí a fi ń sin òkú ní ọjà Òkè-Àjé ń jèrè lórí ikú. Ẹni tí ó ń gbẹ́ sàréè ń gba owó. Kò sí onímọ̀ kan tí ó sọ pé owó wọn kò mọ́. Àwa àáfà pàápàá, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa, a kì í ti ilé fidáù bọ̀ lọ́wọ́ òfìfo.

Ibo wá ni ìyàtọ̀ wà? Aṣọ ìsìnkú, òkú ni ó nílò rẹ̀. Pólò, òkú kò nílò rẹ̀. Àwọn àgbà ní òkú kò mọ iye tí a ra agọ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni a máa ń fi òwe yìí ṣe, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà: ẹni tí a ń fi ojú rẹ̀ tajà kò lè dúnàá dúrà, kò lè ní kí a dín in kù, kò lè ní kí a má ta òun. Ẹlòmíràn ni ó gbọ́dọ̀ bá a sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n pa Jaafar ọmọ Abu Talib ní ogun Muuta, ní ọdún kẹjọ Hijira, Ànábì pàṣẹ pé kí wọ́n se oúnjẹ fún ilé Jaafar, nítorí ohun tí ó dé bá wọn ti gba gbogbo ọkàn wọn. Ẹ wo ọ̀nà tí nǹkan ń gbà níbẹ̀: láti ilé aládùúgbò lọ sí ilé ọlọ́fọ̀. Ọ̀pọ̀ ọjà tí mò ń sọ yìí, ilé ọlọ́fọ̀ ni a ti ń kó o jáde. Àwọn onímọ̀ òfin wa sì ti sọ̀rọ̀ tipẹ́ nípa obìnrin tí a bẹ̀ lọ́wẹ̀ pé kó wá pohùnréré ẹkún lórí òkú: ẹkún náà kò tọ́, owó iṣẹ́ rẹ̀ náà kò tọ́. Omijé tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó ń tà. N kò sọ pé ọ̀kan náà ni òun àti oníṣòwò pólò, ṣùgbọ́n ìbátan ni wọ́n.

Síbẹ̀ n kò ní da gbogbo wọn pọ̀ sínú agbọ̀n kan. Láyé Abacha, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn bíi TELL àti TEMPO. Àwọn agbófinró ń kó wọn lórí àtẹ, wọ́n sì ń mú àwọn fẹ́ńdọ̀ tí ń tà wọ́n. Fẹ́ńdọ̀ tí ó fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìwé eré bọ́ọ̀lù, tí ó ń yọ ọ́ fún ẹni tí ó bá mọ̀, òun náà ń jèrè. Àjálù ìlú ni ó ń tà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni ó ń jẹ́, ó sì ń fi ara rẹ̀ wewu. Súrà Nisaa, áyà 135, pa á láṣẹ fún wa pé kí a dúró ti òdodo, kí a sì jẹ́rìí, ì báà ta bá àwa fúnra wa. Bí a bá ní owó fẹ́ńdọ̀ yẹn kò mọ́, owó ta ni yóò mọ́ ní Nàìjíríà?

Pólò òde òní kò wewu kankan. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ẹ mú un lọ́wọ́, kí ẹ kà á. "Akọni" ni wọ́n máa ń kọ sí i. Ta ni ó pa akọni? Wọn kì í kọ ìyẹn. Ilé-ẹjọ́ gíga ní Èkó dá ẹjọ́ ikú fún ọkùnrin méjì lórí ikú Kudirat ní oṣù Kìíní ọdún 2012. Ní oṣù Keje ọdún 2013, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá àwọn méjèèjì sílẹ̀. Ta wá ni ó pa á? Ẹ yí pólò náà síwá, ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ kò ní rí ìlà kan tí ó béèrè bẹ́ẹ̀. Orúkọ olóṣèlú tí ó san owó rẹ̀ ni ẹ ó rí, àwòrán tirẹ̀ a sì fẹ̀ ju ti olóògbé lọ. Mo ti rí èyí tí wọ́n fún Abíọ́lá ní igun ìsàlẹ̀, bí sítáǹbù lára àpòòwé.

Èyí tí ó burú jù lójú mi, a kò tilẹ̀ tà á. Ní òru ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, ọdún 2014, wọ́n kó ọmọbìnrin 276 lọ ní ilé-ìwé wọn ní Chibok. Ìpè pé kí a dá àwọn ọmọ náà padà di gbólóhùn tí gbogbo ayé mọ̀. Nígbà tí ó fi máa di oṣù Kẹsàn-án, àwọn alátìlẹ́yìn Ààrẹ Goodluck Jonathan ti yí gbólóhùn náà padà, wọ́n kọ ọ́ sí pátákó ìpolongo ìbò ní Àbújá pé òun ni kí a dá padà ní 2015. Àwọn ọmọ ṣì wà nínú igbó! Ariwo pọ̀, ààrẹ fúnra rẹ̀ sì ní kí wọ́n kó àwọn pátákó náà kúrò.

Àwọn òyìnbó náà kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Lẹ́yìn tí Diana, ìyàwó àtijọ́ àrẹ̀mọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú ní ọdún 1997, àjọ àánú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ gbà kí wọ́n tẹ ìbuwọ́lùwé rẹ̀ sára ike bọ́tà Flora. Àánú ni wọ́n fẹ́ fi owó rẹ̀ ṣe, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ bínú. Ní New York, ilé ìrántí àwọn tí ó kú ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2001 ṣí ilẹ̀kùn ní 2014 pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù nínú rẹ̀. Wọ́n ń ta àwo wàràkàṣì tí ó rí bí àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi àmì ọkàn kéékèèké sí àwọn ibi tí ọkọ̀ òfurufú já sí. Nínú ọgbà kan náà ni wọ́n tọ́jú egungun àwọn tí a kò tíì dá mọ̀. Àwọn ìdílé figbe ta, wọ́n yọ àwo náà kúrò. Ìyá wo ni yóò gé wàràkàṣì lórí ibi tí ọmọ rẹ̀ kú sí?

Ẹ fi wé ọkọ̀ Mercedes tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀, ní ọjọ́ Jímọ̀, 13 oṣù Kejì, ọdún 1976. Ó wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn, ní Èkó, pẹ̀lú ojú ihò ọta lára rẹ̀. Mo san owó ìwọlé kí n tó rí i, n kò sì rò pé wọ́n fi òkú náà ṣòwò. Kò sí ẹni tí yóò dúró níwájú ihò wọ̀nyẹn tí yóò ní òun kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ti náírà 20 tí wọ́n tẹ ojú rẹ̀ sí láti 1977 ni n kò mọ ohun tí mo lè wí sí, nítorí mo ti rí i tí wọ́n ná an mọ́ olórin lórí, tí wọ́n sì ń jó lé e mọ́lẹ̀.

Ó wá ku àgbàlá tiwa. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2015, èrò tẹ àwọn alálàájì pa ní Mina. Ìjọba Sáúdì ka òkú 769. Iye tí àwọn orílẹ̀-èdè kéde fúnra wọn, nígbà tí a rò ó pọ̀, ju 2,000 lọ. Àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn. Hájíà Bilkisu Yusuf, oníṣẹ́ ìròyìn, tí ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ FOMWAN sílẹ̀, bá a lọ. Àbá ti wà níwájú ìgbìmọ̀ wa pé kí a tẹ kàlẹ́ńdà tí àwòrán àwọn olóògbé Mina yóò wà lára rẹ̀, kí a tà á, kí owó rẹ̀ lọ sí iṣẹ́ mọ́ṣáláṣí tí a ń kọ́ lọ́wọ́. Àwọn tí ó mú àbá náà wá kì í ṣe ènìyàn búburú, mo mọ̀ wọ́n, wọ́n ń ná owó tiwọn sí ẹ̀sìn yìí.

Ṣùgbọ́n inú ìwé ìròyìn àti fóònù ni wọ́n ti rí àwọn àwòrán náà. A kò tíì kan ilẹ̀kùn ẹnì kan. Àwọn mìíràn fi ọmọ òrukàn sílẹ̀, Súrà Nisaa áyà 10 sì fi iná inú ikùn kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá fi àbòsí jẹ ohun ìní ọmọ òrukàn. Ẹnì kan dá mi lóhùn pé ojú òkú kì í ṣe ogún, kò sí nínú ohun tí a ń pín. Ó dáa. Bí kò bá jẹ́ ohun ìní ẹnikẹ́ni, báwo ni a ṣe wá fẹ́ tà á?

Wọ́n tún ní a ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé apá kan owó náà wà fún àwọn ọmọ olóògbé. Èló ni apá kan? Ànábì ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ ọkùnrin kan lọ́jà, ó rí i pé òkè gbẹ, ìsàlẹ̀ tutù, ó sì sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí ó bá rẹ́ wa jẹ kì í ṣe ara wa. "Apá kan" tí kò ní iye, òkè tí ó gbẹ ni. Ẹni tí ó ra kàlẹ́ńdà náà rò pé òun ti ṣe sàráà.

"Bí a kò bá tẹ̀ ẹ́, wọn yóò gbàgbé wọn." Mo gbọ́ ìyẹn. Àwọn ará New York fi orúkọ Kudirat pe igun òpópónà kan níwájú ilé ìjọba Nàìjíríà ní ìlú wọn, láyé ológun tí wọn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ náà ní Àbújá. Kò sí ẹni tí ó ń ra igun òpópónà. Tiwa náà lè jẹ́ kànga ẹ̀rọ, ó lè jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ kan.

Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ nìyí. Kí a kọ lẹ́tà sí ìdílé kọ̀ọ̀kan kí a tó tẹ ohunkóhun. Èyí tí ó bá kọ̀, kí a yọ ẹni wọn kúrò, kí a má ṣe rán ẹnikẹ́ni lọ bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Bí wọ́n bá gbà, kí a tẹ orúkọ, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n kú sí, pẹ̀lú iye òkú méjèèjì tí a kà, kí a sì pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá di dandan kí a tà á, gbogbo ohun tí ó bá lé lórí owó títẹ̀ jẹ́ ti àwọn ọmọ náà, mọ́ṣáláṣí kò gbọdọ̀ mú kọ́bọ̀ níbẹ̀, kí a sì ka ìṣirò rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ jámáà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé e lórí lẹ́yìn Iléyá.