Ìṣọ̀kan Nínú Iṣẹ́ Hárúnà Ìṣọ̀lá

Èrò àwọn ọ̀mọ̀wé kan ni pé orin ìpọ́nni lásán ni àpàlà, pé owó ni ó ń sọ ẹni tí olórin yóò kì. Bí a bá fi Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó (1919 sí 1983), ṣe òṣùwọ̀n, a ó rí i pé ẹ̀sùn náà kì í kúkú ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò kárí ọ̀rọ̀.

Láti ilé ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyìn Ọba Adéboyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, ni àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1948. Àwo náà kò tà. Ìgbà tí ọba wàjà, tí ó sì tún orin náà kọ ní ọdún 1955, ni òkìkí rẹ̀ tó kàn. Bí ó bá dúró síbẹ̀, olórin ìlú kan ṣoṣo ni à bá máa pè é.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo “Oroki Social Club” tí ó gbé jáde ní ọdún 1971. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Òṣogbo ni. Oríkì ìlú wọn ni Òròkí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ó sì jókòó láàrin àwọn onílù tí ó ń kì wọ́n. A mọ ohun tí àwọn ará òkè máa ń sọ nípa Ìjẹ̀bú, a sì mọ èsì tí Ìjẹ̀bú máa ń fún wọn. Ìwé yìí kọ́ ni a ó ti tún un sọ. Oríkì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àhùmọ̀. Ẹni tí yóò kì ọmọ onílùú ní láti mọ baba rẹ̀, kí ó sì mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí Hárúnà kọ́ nípa ará ibòmíràn ni ó ń kọ́ ẹni tí ó ra àwo rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ka èyí sí ìṣọ̀kan ju orin tí ń pariwo pé kí a ṣọ̀kan lọ.

Ní ọdún 1969, òun àti I. K. Dairo da ilé-iṣẹ́ àwo Star Records pọ̀: Mùsùlùmí alápàlà láti Ìjẹ̀bú-Igbó, Kristẹni onijùjú láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Gìtá wà nínú orin Dairo. Hárúnà kò jẹ́ kí ó wọ àárín agídìgbo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Kò sì sí èyí tí ó ní kí èkejì pa ohùn rẹ̀ dà.

Síbẹ̀, àléébù kan kò ṣe é bò. Ọba, ọlọ́lá àti oníṣòwò ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kì. Àgbẹ̀ tí ó fi owó kòkó ra àwo gbọ́ orúkọ olówó. Kò gbọ́ tirẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan da àwọn orúkọ inú àwo wọ̀nyí kọ, ìlú dé ìlú, iṣẹ́ dé iṣẹ́, kí a lè fojú rí ibi tí ìṣọ̀kan náà dé àti ibi tí kò dé.